Dráyà Ń Yí, Kò Gbóná: Ẹ Wo Páìpù Kí Ẹ Tó Ra Fíúùsì

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Dráyà wa, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, oníná mànàmáná, ń yí dáadáa ṣùgbọ́n kò gbóná rárá. Bó ṣe ṣe nìyí ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Ẹni tó wá tún un ṣe sọ pé fíúùsì ló jó, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó gbowó, ó lọ. Kò pẹ́ tó tún dákẹ́. Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá, ó ní òun lè fi wáyà fo fíúùsì náà kọjá kí wàhálà rẹ̀ lè tán. Ọkọ mi ní ká dúró ná. Kó tó di pé ó kú pàápàá, ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń tẹ̀ ẹ́ kí tówẹ̀lì tó gbẹ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá ìfọṣọ wa wà, páìpù tí afẹ́fẹ́ dráyà ń gbà jáde sì gba inú àjà lọ sórí òrùlé. Ṣé ká ra tuntun ni? Tí a bá ra tuntun, ṣé a lè fi èyí ránṣẹ́ sí màmá mi ní Ìbàdàn kí wọ́n tún un ṣe níbẹ̀?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú wàhálà, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n ní kí ẹ dúró. Ohun tí ẹni yẹn fẹ́ ṣe lè jó ilé mọ́ yín lórí.

Ẹ má tíì ra tuntun. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ń tẹ̀ ẹ́ kí tówẹ̀lì tó gbẹ. Ibẹ̀ ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ dráyà yín kò jáde bó ṣe yẹ, ó sì ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Fíúùsì tó jó kàn wá jẹ́rìí sí i ni. Ẹni tó bá pààrọ̀ fíúùsì láìwo páìpù, ètè ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ooru ló ń mú aṣọ gbẹ. Ooru ń ṣe tirẹ̀, òun ló ń lé omi kúrò lára aṣọ, ṣùgbọ́n omi tó kúrò lára aṣọ gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò gbé e jáde, afẹ́fẹ́ nìkan ló sì lè gbé e. Ẹ rántí bí a ṣe ń sá aṣọ nílé. Lásìkò ọyẹ́, bí oòrùn kò tilẹ̀ mú, aṣọ tí ẹ sá láàárọ̀ á ti gan kó tó di ọ̀sán. Lásìkò òjò, bí ooru tilẹ̀ mú débi pé ẹ ń làágùn, aṣọ lè wà lórí okùn títí ilẹ̀ á fi ṣú kó ṣì tutù lọ́rùn àti lábíyá. Nínú dráyà, fáànù kan ló ń fa afẹ́fẹ́ yàrá wọlé. Afẹ́fẹ́ yẹn á gba ara kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí iná ń mú gbóná, kọjá, á gba àárín aṣọ tó ń yí, á gba inú asẹ́, á wá gba páìpù jáde síta pẹ̀lú gbogbo omi tó rù.

Bí páìpù bá dí, omi náà kò ríbi lọ, aṣọ á kàn máa yí nínú ọ̀rinrin ara rẹ̀. Kọ́ìlì kò sì mọ̀ pé páìpù dí. Ó ń jó iná tó ju 5,000 watt lọ bó ṣe ń jó o tẹ́lẹ̀, ooru tí kò rí afẹ́fẹ́ gbé e lọ á wá máa kó jọ sínú àpótí irin tó yí kọ́ìlì ká. Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣọ́ ooru yẹn. Thermostat kan wà tó ń pa kọ́ìlì tó sì ń tan án padà, kí afẹ́fẹ́ tó ń jáde má baà gbóná ju ohun tí ẹ yàn lórí bọ́tìnnì lọ. Thermostat kejì jókòó sára àpótí kọ́ìlì fúnra rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ bá kùnà, òun ló ń pa iná. Ẹ̀kẹta ni fíúùsì ooru. Àwọn méjì àkọ́kọ́ lè pa kí wọ́n tún tan nígbàkigbà, ṣùgbọ́n fíúùsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó já lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀rọ náà má lè gbóná mọ́ títí ẹnìkan á fi wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú dráyà mìíràn, bí fíúùsì bá já, kò ní yí rárá. Nínú àwọn mìíràn, á máa yí láìgbóná bíi tiyín.

Ẹni tó bá fi wáyà fo fíúùsì kọjá ti mú ẹ̀ṣọ́ ìkẹyìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ohun tó ń fa ooru náà sílẹ̀. Eruku òwú tó kún inú dráyà, ohun tó ń jó kíá ni. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná ní Amẹ́ríkà, U.S. Fire Administration, ṣírò rẹ̀ pé láàárín 2008 sí 2010, bíi 2,900 iná ilé ló ń ti inú dráyà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Ènìyàn 5 ló ń kú, 100 ló ń fara pa, dúkìá tó tó mílíọ̀nù 35 dọ́là ló sì ń ṣòfò. Ohun tó ń fà á jù ni àìnu dráyà mọ́, ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù January ni irú iná bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà so ohunkóhun kọjá nínú dráyà tó wà nílé tí ọmọdé ń sùn sí.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí iṣẹ́. Ohun tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe: ẹ lọ síbi bréékà. Dráyà oníná ní Amẹ́ríkà ń gba 240 volt lórí wáyà méjì, 120 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ìlù rẹ̀ (agbá tí aṣọ ń yí nínú rẹ̀) kò nílò ju 120 lọ, kọ́ìlì ló ń lo méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, bí apá kan bréékà bá bọ́, dráyà lè máa yí, kí gílóòbù inú rẹ̀ sì máa tàn, kò kàn ní gbóná ni. Bréékà dráyà fẹ̀ tó méjì, 30 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i. Ẹ tì í sí OFF títí dé òpin, kí ẹ tó dá a padà sí ON. Bí ẹ bá kàn tì í síwájú láìkọ́kọ́ pa á, ó lè má mú. Bí ó bá gbóná lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe oníná kó wo bréékà náà, torí bréékà tó dára kì í ṣàdédé já.

Bí kò bá jẹ́ bréékà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Mi ò ní kí ẹ pa bọ́tìnnì o, mo ní kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri, kí ó wà níbi tí ẹ ti lè rí i. 240 volt kì í ṣe iná tí à ń dán wò.

Mítà kékeré tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ ti tó fún iṣẹ́ yìí. Àwọn tó ṣe dráyà sábà máa ń ká àwòrán wáyà rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, wọ́n á tì í sẹ́yìn pátákó bọ́tìnnì tàbí sábẹ́ ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Ẹ wá a, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ yọ wáyà kan kúrò lára fíúùsì kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí mítà má baà gba ọ̀nà mìíràn purọ́ fún yín. Fíúùsì tó yè á fi òdo hàn tàbí ohun tó sún mọ́ ọn. Èyí tó ti já kò ní mú mítà mì rárá. Ẹ ṣe bákan náà fún kọ́ìlì. Kọ́ìlì 5,400 watt lórí 240 volt yẹ kó wà ní nǹkan bí ohm (òṣùwọ̀n ìdènà iná) 10 sí 11. Ohunkóhun láàárín 8 sí 12 kò burú. Bí mítà kò bá mì, wáyà rẹ̀ ti já. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, ẹ máa rí ibi tó ti já: orí rẹ̀ á dúdú, á sì ṣe róbótó níbi tí irin ti yọ́.

Ẹ má gbàgbé ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń fò: ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sára kọ́ìlì, kí ẹ fi èkejì kan àpótí irin tó gbé e. Mítà kò gbọ́dọ̀ mì. Bí ó bá mì, kọ́ìlì ti já tàbí ó ti ṣẹ́ kọ́, ó sì ń kan irin. Irú kọ́ìlì bẹ́ẹ̀ lè máa gbóná nígbà tí thermostat ti ní kó sinmi, tàbí nígbà tí dráyà kò tilẹ̀ yí mọ́. Tí fíúùsì tuntun bá ń jó lójú ẹsẹ̀, tí páìpù sì mọ́ tónítóní, òun ni kí ẹ fura sí.

Nígbà tí ẹ bá ń ra fíúùsì, ẹ ra thermostat ààbò tó wà lára àpótí kọ́ìlì mọ́ ọn. Wọ́n sábà máa ń ta méjèèjì pọ̀, torí èyí tó ti gbóná ju ara lọ lẹ́ẹ̀kan kò ṣeé fọkàn tán mọ́. Nọ́ńbà dráyà yín wà ní etí ìlẹ̀kùn rẹ̀, òun ni kí ẹ fi ra ọjà. Ẹ má ra èyí tó jọ ọ́.

Bí ẹ ṣe wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ẹ tú ìdérí kékeré tó bo ibi tí wáyà púlọ́ọ̀gì ti wọlé. Ẹ máa rí ìdè mẹ́ta, ìyẹn skúrù tó di wáyà mú, lórí pátákó kan. Ẹ wo àwọ̀ wọn dáadáa. Èyí tó dára ń dán. Èyí tó ti dẹ̀ á ti pọ́n tàbí kó dúdú, ara pátákó rẹ̀ á ti rún, ọ̀rá tó bo wáyà á ti gan, á sì máa rùn bíi ẹja tàbí rọ́bà tó jó. Ìdè tó dẹ̀ ń dá ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè gé apá kan nínú 240 volt yẹn bí ìgbà tí bréékà bọ́. Bí ó bá ti jó, ẹ pààrọ̀ pátákó náà àti wáyà púlọ́ọ̀gì pọ̀. Fífún ìdè náà le nìkan kò tó.

Páìpù ló kù, òun gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wa.

Òfin ilé kíkọ́ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò sọ pé páìpù dráyà gbọ́dọ̀ jẹ́ irin, kó fẹ̀ ní ínṣì 4, kí ó má gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 35 lọ, àyàfi bí ìwé ẹni tó ṣe dráyà náà bá sọ òmíràn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe ni àwọn ìgbọ́nwọ́. Gbogbo ibi tí páìpù bá ti tẹ̀ ní ìtẹ̀ kíkún (degree 90), ẹ yọ ẹsẹ̀ bàtà 5 kúrò nínú 35 yẹn. Bí ó bá tẹ̀ ní ìlàjì (degree 45), ẹ yọ 2 àti ààbọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní tiyín gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 8 nínú ògiri, ó rin 14 nínú àjà, ó sì tún gòkè 4 kó tó dé òrùlé. 26 nìyẹn, ẹ lè rò pé kò burú. Ṣùgbọ́n bí ìgbọ́nwọ́ mẹ́ta bá wà lójú ọ̀nà, 35 ti di 20. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ ti gùn jù láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé. Ẹ gun àjà kùtùkùtù òwúrọ̀ kí ooru Houston tó dé, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá gùn jù lóòótọ́, ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n tún páìpù gbà síbi tó súnmọ́, tàbí kí wọ́n fi fáànù tí wọ́n dìídì ṣe fún páìpù dráyà sí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fáànù bálùwẹ̀ sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú pé páìpù ló ń dá yín láàmú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi fíúùsì tuntun sí i, ẹ yọ páìpù kúrò lẹ́yìn dráyà, ẹ fi tówẹ̀lì tútù mélòó kan sínú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 20 bẹ́ẹ̀. Eruku òwú díẹ̀ á fẹ́ sínú yàrá, ẹ fara dà á, kí ẹ sì dúró tì í. Bí tówẹ̀lì bá ń gbẹ kánkán báyìí, tó sì jẹ́ pé nígbà tí ẹ so páìpù ó ń lọ́ra, ẹjọ́ ti parí. Dráyà yín kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó ń lo dráyà onígáàsì kò gbọ́dọ̀ dán èyí wò láé, nítorí èéfín gáàsì tí kò ní òórùn á kún inú ilé, ó sì ń pa ènìyàn.

Fífọ páìpù kò le. Wọ́n ń ta búrọ́ọ̀ṣì olójú ínṣì 4 pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tó ṣeé so mọ́ra, tí ẹ lè fi sẹ́nu dírílù. Ẹ máa yí dírílù síhà kan náà tí ọ̀pá fi ń fún mọ́ra. Bí ẹ bá yí i sí òdìkejì, ọ̀pá á tú sínú páìpù, ẹ ó sì wá ẹni tí yóò fọ́ ògiri. Níbi tí páìpù bá ti gòkè bíi tiyín, eruku òwú máa ń ṣubú padà sísàlẹ̀, á kó jọ síbi ìgbọ́nwọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn dráyà. Ẹ ki ọwọ́ síbẹ̀ kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Ohun tí ẹ máa fà jáde á jẹ́ aláwọ̀ eérú, á tutù, á ti fún mọ́ra débi pé á jáde ní odidi, pẹ̀lú àwòrán inú páìpù lára rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ fa ìyókù.

Orí òrùlé, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn. Kó wò ó bóyá wọ́n fi àwọ̀n sẹ́nu páìpù náà. Àwọn tó kọ́ òrùlé máa ń fi í síbẹ̀ nítorí ẹyẹ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dí páìpù dráyà kíákíá bí àwọ̀n, òfin kò sì fọwọ́ sí i. Ìdérí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń jáde ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kó wò ó bóyá ó ṣì ń ṣí, tàbí ẹyẹ ti fi ṣe ilé.

Nínú àjà, ẹ wo gbogbo ibi tí páìpù ti so pọ̀. Bí ọ̀kan bá ti bọ́, gbogbo omi aṣọ yín àti eruku òwú ń dà sínú àjà. Igi á jẹrà, iná á sì rí ohun jẹ. Téépù fóìlì tó ń dán ni ẹ máa fi lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe téépù aláṣọ tó ń gbẹ tó sì ń ṣí. Ẹ má fi skúrù tó gùn gún páìpù, orí rẹ̀ á máa mú òwú dúró nínú rẹ̀.

Páìpù kúkúrú tó wà láàárín dráyà àti ògiri ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ọ̀rá funfun, ẹ yọ ọ́ lónìí. Èyí tó jọ fóìlì, tó ń ká bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ náà: ó rọrùn láti tẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo ìká rẹ̀ ló sì ń mú òwú. Ẹ ra aluminium tó le díẹ̀, kí ẹ gé e kúrú, kó má ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ, kó má sì wọ inú ògiri. Nígbà tí ẹ bá ń ti dráyà padà sáyè rẹ̀, kí ẹnìkan tan iná sẹ́yìn rẹ̀ wò, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń tẹ páìpù tuntun pa.

Afẹ́fẹ́ tó ń jáde gbọ́dọ̀ rí ibi tó ń gbà wọlé. Bí yàrá ìfọṣọ yín bá kéré bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tí ẹ ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, fáànù á máa fa ohun tí kò sí. Òfin ní kí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní ihò afẹ́fẹ́ tó tó 100 ínṣì níbùú lóòró. Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ ná, kí ẹ wo ìyàtọ̀.

Asẹ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ń yọ òwú orí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó. Àmọ́ ẹ bu omi sí i lójú wò. Bí omi bá dúró lórí asẹ́ tí kò ṣàn kọjá, àwọn bébà olóòórùn dídùn tí ẹ ń fi sáàárín aṣọ ti fi ọ̀rá bò ó, bí ó tilẹ̀ ń dán lójú yín. Ẹ fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ọ̀rá yìí kan náà ń bo irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà nínú ìlù, tí dráyà fi ń mọ̀ pé aṣọ ti gbẹ. Bí dráyà bá ń dá ara rẹ̀ dúró nígbà tí aṣọ ṣì tutù, ẹ fi sípírítì nu irin méjèèjì kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Bí aṣọ bá ń kán tótó nígbà tó ń jáde nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ̀rọ ìfọṣọ ló yẹ kí ẹ tún ṣe. Dráyà kì í fún omi.

Lọ́dún kan tàbí méjì, kí ẹnìkan ṣí ara dráyà náà, kó fi ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ fa òwú tó yí ẹ́ńjìnnì àti àpótí kọ́ìlì ká. Ìgbà yẹn ló dára láti wo bẹ́líìtì. Bí ẹ bá fọwọ́ yí ìlù tó sì ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ láìsí ìdènà, bẹ́líìtì ti já. Bí ó bá ń ké gíẹ̀ẹ́, àwọn táyà kékeré tó gbé ìlù tàbí èyí tó ń fa bẹ́líìtì le ló ti jẹ. Nǹkan wọ̀nyí kò wọ́n, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé Yorùbá tó ń se oúnjẹ òde gbọ́. Lẹ́yìn ìnáwó, àwọn aṣọ ìnuwọ́ àti aṣọ ìdáná á ti rin gbingbin fún òróró àti epo pupa. Ọṣẹ kì í mú un tán lẹ́ẹ̀kan. Òróró tó kù lára aṣọ, bí ó bá gbóná nínú dráyà, á máa bá afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, á sì máa dá ooru tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá kó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jáde ní gbígbóná, tí ẹ dì wọ́n jọ sínú agbọ̀n, ooru náà á máa pọ̀ sí i láàárín wọn, ó sì lè gbiná ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ ti lọ sùn. Ẹ fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú omi gbígbóná, kí ẹ sá wọn síta. Aṣọ tí epo bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì kàn kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ẹní tó ní rọ́bà lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí dráyà fi ń yí láìgbóná ní ìparí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má gé e kúrú. Aṣọ òkè, gèlè àti léèsì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé okùn ni tiwọn.

Fún àwọn ará wa ní London tí yóò ka èyí: tiyín sábà máa ń kó omi sínú agbada dípò páìpù. Ẹ máa fọ asẹ́ kejì àti irin tó ń sọ ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ di omi, bí ìwé rẹ̀ bá ṣe sọ. Kí ẹ sì wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ní August 2016, iná tó ti inú dráyà kan bẹ̀rẹ̀ jó nínú ilé gíga kan ní Shepherd's Bush. Ní 2019, ilé iṣẹ́ Whirlpool bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn dráyà tí wọ́n ṣe láàárín April 2004 sí September 2015 padà. Hotpoint, Indesit, Creda, Swan àti Proline wà nínú orúkọ tí wọ́n fi tà wọ́n. Bí ẹ bá ra àlòkù, ẹ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò kí ẹ tó so ó mọ́ iná.

Ó ku ìbéèrè nípa màmá. Ẹ má fi dráyà yìí ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Iná ilé ní Nàìjíríà jẹ́ 230 volt ní 50 Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), kò sì sí wáyà 120 tí ẹ́ńjìnnì dráyà Amẹ́ríkà ń retí. Bí oníná kan bá so ó bó ṣe rò, ẹ́ńjìnnì àti pátákó bọ́tìnnì á jó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí tiransifọ́mà ra fún un, iṣẹ́ 60 Hz ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì náà fún; lórí 50 Hz á máa yí ní ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà ìyára rẹ̀. Fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde náà á lọ́ra, kọ́ìlì á sì máa gbóná bó ṣe ń gbóná, ẹ ó wá máa wá fíúùsì kiri Ìbàdàn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò sì lè gbé 5,000 watt.

Bí ó bá jẹ́ aṣọ àsìkò òjò ló ń dá màmá láàmú, ẹ fi owó tí ẹ ò bá fi kó ẹrù ra ẹ̀rọ ìfọṣọ alágbá méjì fún wọn níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún 230 volt àti 50 Hz. Agbá kejì rẹ̀ ń fún omi aṣọ débi pé á kàn kù díẹ̀ kó gbẹ, wọ́n á sì sá a sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Tiyín ní Houston, ẹ fọ páìpù, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó fi fíúùsì tuntun sí i. Kí ẹ kọ̀wé sí mi pẹ̀lú gígùn páìpù náà àti iye ìgbọ́nwọ́ tó wà lójú ọ̀nà, a ó jọ wò ó bóyá kí wọ́n yà á síbòmíràn.